Kíkà Ẹlẹ́ẹ̀kejì Jẹ́ Tìrẹ

Ṣọ́ọ̀bù Àga, Ẹ̀yìn Ọjà,
Jerúsálẹ́mù.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Ẹ́lúlù.

Náhúmù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Géúlà ọmọ rẹ, mo kí ọkọ rẹ̀ àti gbogbo ará ilé yín ní Áfúlà. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí orúnkún rẹ tó máa ń ro ọ́ ti fúyẹ́, kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu rẹ, kí oorun sì máa kùn ọ́ nígbà tó yẹ. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, ara mi le. Ara Rúmíyà ìyàwó mi náà le, àfi pé ó ti ń lọ sí oṣù márùn-ún tí kò fi ojú rere wò mí. Mi ò bá a wí. Èmi náà kì í fẹ́ wo ara mi nínú dígí.

Géúlà, mo mọ̀ pé ìwọ ni o ń ka lẹ́tà yìí sókè fún bàbá rẹ, nítorí ojú rẹ̀ kò lè kà á mọ́. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí o rí orúkọ mi lẹ́yìn àpòòwé, ọwọ́ rẹ ti ń yún ọ láti fà á ya. Bí o bá fà á ya, o kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kà á tán ná. Mo bẹ̀ ọ́, má fo ìlà kankan, má sì jẹ́ kí ohùn rẹ rọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le. Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù lóṣù karùn-ún, o ní, "Ọ̀gbẹ́ni Síónì, ẹ jẹun nínú abọ́ wa, ẹ wá nu ọwọ́ yín sí wa lára. Ẹ má pe ilé yìí mọ́." Ọ̀gbẹ́ni Síónì! Ìwọ tí o ti ń pè mí ní bàbá láti ìgbà tí o kò tíì lè fọn imú ara rẹ. Mo gbé fóònù sílẹ̀, inú ń bí mi, mo ń pariwo kiri ilé pé ọmọ ìsinsìnyí kò lẹ́kọ̀ọ́. Rúmíyà wò mí láti ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, ó ní, "Ta ló kọ́ wọn?"

Náhúmù, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ṣọ́ọ̀bù fún ọ. O mọ ìjókòó wa. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ní gbogbo àárọ̀ Ẹtì, orí àga tí àwọn oníbàárà gbé wá fún àtúnṣe ni à ń jókòó sí, tíì nínú ife kékeré, ìpín Tórà ti ọ̀sẹ̀ náà láàárín wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ní èdè Hébérù, ẹ̀ẹ̀kan ní èdè Árámáíkì, bí àwọn baba wa ti fi lélẹ̀. Kíkà àkọ́kọ́ tèmi, ẹlẹ́ẹ̀kejì tìrẹ, ẹlẹ́ẹ̀kẹta a jọ ń kà á ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló máa ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, nítorí pé èdè tí ìyá rẹ fi ń lé adìẹ ní Sákò ìlú yín ni Árámáíkì. Wàá ní, "Síónì, gbọ́ ibí yìí, báyìí gan-an ni ìyá mi ṣe máa ń sọ fún bàbá mi pé kó yé hanrun." Nígbà tí o kó lọ sí Áfúlà tán, Bárúkù tó ń ta ewébẹ̀ ní kò yẹ kí àárọ̀ Ẹtì ṣófo. Ó kó ara rẹ̀ wá, ó jókòó sórí àga rẹ.

Ọkùnrin yìí rí mi lára, Náhúmù. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí ojú ìwé Tórà. Ó kó hóró yíyan sí àpò, ó ń fi eyín pa á, ó ń tu èèpo rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó ń ka ìpín ọ̀sẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. "Kà, ká lọ, Síónì, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù láago mọ́kànlá." Nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè tí ìwọ máa ń bi mí, pé kí ni ọ̀sẹ̀ yìí ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bọ́ ṣòkòtò. Ó ní, "Béèrè bí i ti kí? Mo ti kà á, mo ti kà á nìyẹn." Itọ́ rẹ̀ wà lára èèpo, èèpo wà láàárín ojú ìwé. Mo gbá òun àti èèpo rẹ̀ jáde pọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni mí tí mo fi ń kórìíra Bárúkù? Òun kàn fi èèpo ba ìwé jẹ́ ni. Kí o tó di ọ̀rẹ́ mi, mo ń bẹ̀rù Ọlọ́run bí mo ti ń bẹ̀rù agbowó-orí: kí n san tèmi, kó má yà sọ́dọ̀ mi. Ìwọ ni o kọ́ mi ní ìbéèrè yẹn. O ní, "Má bi mí ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ Mósè, Mósè ti kú. Kí ló ń béèrè lọ́wọ́ Síónì, ní ọ̀sẹ̀ yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?" Ọ̀sẹ̀ tí a ka ti igun oko tí a kò gbọdọ̀ kórè, tí a ń fi sílẹ̀ fún aláìní, o kàn wo ìyókù aṣọ tí mo dì sábẹ́ tábìlì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó ìyókù aṣọ fún opó tó ń rán ìrọ̀rí lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá ń kan ìṣó, láìjẹ́ pé mo fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ Rẹ̀. Ìwọ ni o fi mí mọ̀ Ọ́n, Náhúmù. Nítorí náà, ohun tí mo ṣe sí ọ ń rùn sí mi nímú ju bí o ti lè rò lọ.

Mo ń jowú ohùn rẹ. Mo ti sọ ọ́. Èmi ni mo mọ gírámà jù ọ́ lọ, èmi ni mo ń tún ọ ṣe ní ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi ìwọ ni o ń gun pèpéle láti ka Tórà fún ìjọ, tí àwọn obìnrin nínú yàrá òkè ń nu ojú. Ohùn tèmi dà bí àlùmọ́gàjí tó ń gé aṣọ tó nípọn. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa yí Ìwé kíká ti Tórà sí ibi tó yẹ ní ọ̀sán Ẹtì, kí n sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní ọjọ́ kejì, kí n máa ṣọ́ àṣìṣe rẹ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró, tí mo ń retí àṣìṣe. Kò wá.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá ni mo rí i pé ojú rẹ ti ń lọ. O da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, o ní ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, o dojú ìwé kodò láìmọ̀, o sì ka kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Mo dúró kí o sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo dúró. O kò sọ. Ó dùn mí pé o lè fi irú èyí pamọ́ fún mi, mo sì fi ìbínú yẹn bo owú mi, bí mo ti ń fi aṣọ tuntun bo fọ́ọ̀mù tó ti jẹrà. Gbogbo wa mọ òfin: ẹni tó bá ń kà fún ìjọ gbọ́dọ̀ fi ojú rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú Ìwé, kò gbọdọ̀ kà á láti inú orí. Bí mo bá jẹ́ ọ̀rẹ́, ǹ bá sọ fún ọ níbí, lórí àga, pé, "Náhúmù, mo ti mọ̀. Jẹ́ ká sọ fún Rábì pé ó ti rẹ̀ ọ́." Wọn ìbá ṣe ayẹyẹ fún ọ, Rúmíyà ìbá se ìkòkò ọbẹ̀ kúbè kan. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Géúlà, ibi tí mo ní kí o má fò nìyí.

Ìwé ńlá tí à ń lò ní ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ àjọ̀dún nìkan, ọjọ́ tí Àjọ Ìrékọjá parí ni a lò ó kẹ́yìn. Orin tí àwọn baba wa kọ nígbà tí wọ́n la òkun kọjá ni a kà lọ́jọ́ náà. O mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orin yẹn sínú Ìwé: ọ̀rọ̀ díẹ̀, àlàfo, ọ̀rọ̀ díẹ̀, àlàfo, bí bíríkì tí wọ́n tò. Ní ọ̀sán Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó yẹ kí n yí Ìwé síwájú dé ìpín ọ̀sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ya Áárónì sí mímọ́. Mo wọ sínágọ́gù lémi nìkan. Mo ṣí àpótí fàdákà tí Ìwé wà nínú rẹ̀, mo wò ó, mo sì pa á dé bó ṣe wà. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń tu ara mi nínú pé mi ò ṣe nǹkan kan, pé mo kàn fi í sílẹ̀ síbi tó wà ni. Irọ́ ni. Mo dẹ pàkúté fún ọ nínú ilé Ọlọ́run, Ìwé Ọlọ́run ni mo sì fi dẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kejì o gun pèpéle. O fi ẹnu ko aṣọ Ìwé, o gbé ọ̀pá ìtọ́ka lé àárín àlàfo orin òkun, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti Áárónì. Ohùn rẹ kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo jẹ́ kí o ka ẹsẹ mẹ́ta, mo ń gbádùn rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tí dókítà ní kó má jẹ. Lẹ́yìn náà ni mo lu tábìlì. Mo pariwo pé, "Ojú rẹ̀ ti fọ́! Láti inú orí ló ti ń kà á!" Gbogbo ilé dìde. O yí sí mi, o sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tí ẹlòmíràn kò fi gbọ́, "Síónì, ibo lo ṣí i sí?" Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú rẹ ti fi bíríkì yẹn hàn ọ́. Mo gbà pé o ti rí i kí o tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n o gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi ju ojú ara rẹ lọ. Mo sì dá ọ lóhùn pé, "Ibi tó yẹ ni."

Bí wọ́n ti ń pariwo, mo fi ara bo Ìwé, mo yí i síwájú. Nígbà tí Rábì fi máa la àwọn ènìyàn kọjá dé pèpéle, Ìwé ti wà níbi tó yẹ kó wà. Ó gbé ìka sí ọ̀rọ̀ kan, ó ní, "Náhúmù, jọ̀ọ́, ka èyí fún mi." O sún ojú mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹyọ kan péré." O dákẹ́. Bárúkù ké láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀sẹ̀ mélòó la ti ń ṣe àmín sí afẹ́fẹ́? Olè ni!" Bárúkù, tó ń fi tòmátì tó ti jẹrà sí ìsàlẹ̀ àpò, ló ń pe ọ́ ní olè, mo sì gbọ́, mi ò pa á lẹ́nu mọ́. O ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Géúlà, tó wá bá ọ lo àjọ̀dún, sáré bọ̀ láti yàrá àwọn obìnrin, ó fà ọ́ lọ́wọ́ jáde. Kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà, mo ti gbé ọ̀pá ìtọ́ka, mo ti ń wú ikọ́ láti tún ọ̀fun mi ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di òǹkàwé wọn. Rábì ní ojú mi mú bí ti ẹyẹ idì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, ìpín tó kàn ni èyí tó kìlọ̀ fún wa pé kí a má gbé ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú. Mo rí i ní ọjọ́ Ẹtì, mo sáré kọjá lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo dúró lórí rẹ̀. O mọ àwọn ènìyàn wa, bí òǹkàwé bá ti dúró, wọ́n á gbà pé ọ̀rọ̀ náà ni kò rí, wọ́n á sì fi ariwo sọ ọ́ fún un. Bárúkù àti àbúrò rẹ̀ ń ké mọ́ mi láti àga wọn, "Afọ́jú! Afọ́jú!" Mo kà á, mo ń bá a lọ.

Ṣùgbọ́n Tórà kì í gbàgbé ẹnìkan sílẹ̀. Ìpín tó bọ́ sí àná ni ti àwọn ègún, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ẹni tó bá ṣi afọ́jú lọ́nà. Ní Ẹtì mo jókòó lémi nìkan, mo bi ara mi ní ìbéèrè rẹ, kí ni ọ̀sẹ̀ yìí ń béèrè lọ́wọ́ Síónì? Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lánàá, mo gbé ọ̀pá ìtọ́ka sílẹ̀, mo kọjú sí ìjọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti orin òkun, mo sọ ìbéèrè tí o bi mí àti irọ́ tí mo fi dá ọ lóhùn, mo sọ bí mo ṣe fi ara bo Ìwé.

Mo retí kí wọ́n tutọ́ sí mi lára. Ohun tí wọ́n ṣe kó mi nírìíra ju itọ́ lọ. Rábì wo aago. Ó ní, "Síónì, a ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn. Kà á tán ná." Bárúkù ní, "Ta ló tiẹ̀ bi í? Ẹ jẹ́ ó kà, jàre, oúnjẹ ń tutù nílé." Wọ́n mọ̀ ọ́n, Náhúmù, tàbí wọ́n fura, kò sì dí wọn lọ́wọ́. Irọ́ mi tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí pé ìwọ máa ń fa ohùn, èmi sì máa ń tètè parí. Gbogbo ọdún tí mo fi jowú rẹ, mo rò pé ìyìn ìjọ yìí ni ohun tí o ní tí mi ò ní. Ìyìn wọn nìyẹn, mo ti rí i. Mo sọ̀ kalẹ̀, àbúrò Bárúkù ló ka ègún náà. Láti yàrá òkè, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan ṣoṣo tó ṣe àmín sí i, ohùn náà sì le. Rúmíyà ni.

Nígbà tí mo délé, ó ti bu kúbè sí abọ́ dè mí. Ó jókòó kọjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà Ìrékọjá. Ó ní, "Jẹun. Lọ́la wàá kọ lẹ́tà."

O mọ oṣù tí a wà, pé Ọjọ́ Ètùtù ti kù díẹ̀. Bárúkù ti fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ènìyàn, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bí mo bá ṣẹ ọ́, dárí jì mí." Gbogbo ènìyàn, àti ẹni tó ń tún páìpù ṣe. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fóònù mọ́ ògiri. Mi ò fẹ́ kí lẹ́tà yìí jẹ́ irú òdòdó yẹn. Òfin ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ wá bẹ ẹni tó ṣẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀ mo máa wọ bọ́ọ̀sì wá sí Áfúlà. Géúlà, bí o kò bá ṣí ilẹ̀kùn, mo máa jókòó sórí àtẹ̀gùn yín di àárọ̀ Ẹtì, màá sì ka ìpín ọ̀sẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn aládùúgbò yín bi yín pé ta ni wèrè yẹn. Mi ò ní kó padà wá kà fún àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Wọn kò yẹ ẹ́, èmi gan-an ò sì ní kà fún wọn mọ́. Ṣùgbọ́n oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ka Tórà parí, tí a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ayé ṣófo. Ẹ̀rù ń bà mí láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò máa bi mí ní ìbéèrè.

Kí Ẹni tó dá ojú fún wa máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ níbi tí ojú rẹ kò bá dé. Kí Ó kọ orúkọ rẹ àti ti gbogbo ilé rẹ sí ọdún rere, ọdún ẹ̀rín, ọdún tí orúnkún kò ní dùn ọ́. Kí Géúlà rí ayọ̀ lórí àwọn ọmọ rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ tí wọ́n bá ní má ṣe dà bí èmi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí o gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀,
Síónì.

Ohun tó ṣẹ́kù: Láti ìgbà tí o ti lọ, mi ò jẹ́ kí Ẹtì kan kọjá. Mo máa ń da tíì sí ife méjì, mo máa ń ka kíkà àkọ́kọ́, tèmi. Lẹ́yìn náà mo máa ń yí ìwé sí ìhà àga rẹ, màá dúró títí tíì rẹ yóò fi tutù, màá sì pa ìwé dé. Ogún ọ̀sẹ̀ nìyẹn tí kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ti wà nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò kà á; ti Bárúkù kì í ṣe kíkà. Mo ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, Náhúmù. Láti inú orí ni kí o ti kà á fún mi.